Kámẹ́rà Tí Kò Rí Ìyá Mi

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti ilẹ̀kùn mọ́ mi. Ó ní n kò gbọdọ̀ fojú kan ìyá mi mọ́. Ọmọ ìyá kan náà ni wá o. Ilé tí mo ti ń wọlé tí mo ti ń jáde láìkanlẹ̀kùn, ibẹ̀ ni mo wá di ẹni tí wọ́n ń yọjú wò láti ojú ihò kọ́kọ́rọ́.

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ojú mi ló ṣe, ọ̀sán gangan ni, ara mi sì dá. N kì í mutí. N kò ní àsìkò láti jókòó máa hun irọ́ pọ̀, ó ti rẹ̀ mí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, kó fi í sílẹ̀ níbí, kó lọ wá nǹkan mìíràn kà.

Ilé ìfọṣọ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo ń lọ aṣọ ibùsùn àwọn ilé ìtura. Orí ìdúró ni láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Funfun lọ́tùn-ún, funfun lósì, ooru áyọ́ọ̀nù lójú. Bí mo bá fi máa délé, ẹsẹ̀ mi á ti wú bíi búrẹ́dì. Nǹkan kan ṣoṣo tí mo ní tí kì í ṣe iṣẹ́ ni kámẹ́rà mi. Àlòkù ni. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lò ó. Fọ́tò ni mo ń bà jẹ́, mo bà á jẹ́ títí ó fi yé mi.

Nǹkan róbótó kan wà lórí irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ tí wọ́n máa ń yí bí ìdérí ìgò. Àwọn àwòrán kéékèèké wà lára rẹ̀: orí obìnrin, òkè, òdòdó, ẹni tó ń sáré, òṣùpá. Bí o bá yí i sí orí obìnrin, ẹ̀rọ náà á gbà pé ènìyàn lo fẹ́ yà. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò pinnu bí ojú lẹ́ǹsì yóò ṣe là tó, àti bí yóò ṣe pẹ́ tó kó tó padé. Tìrẹ ni kí o ṣáà tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n lẹ́tà M wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí o bá yí i síbẹ̀, ẹ̀rọ á panu mọ́. Ìwọ ni wàá sọ fún un bí ìmọ́lẹ̀ tí yóò gbà ṣe pọ̀ tó. Orí M yẹn ni mo ń gbé. N kì í kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ń tún fíríìjì ṣe. Nígbà tó rí i pé mo ra kámẹ́rà, ó lọ ra tirẹ̀, tuntun. Òun kì í fọwọ́ kan M. Ọjọ́ ìsinmi mi ni a máa ń pàdé nílé rẹ̀, torí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìyá wa ń gbé, a ó sì máa fi ara wa ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ìyá Yí-i-yí-i," á ní, "ṣé o ti yí i tán? Oòrùn ti fẹ́ wọ̀ o."

"Bọ̀dá Tẹ̀-ẹ́-kó-o-lọ, ẹ jẹ́ kí n ríran."

"Kí ni mo fẹ́ fi ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n ṣe tí mo bá tún ní láti fi orí ara mi ronú?"

"Ẹ lo orí náà, Bọ̀dá. Ó ti ń dógùn-ún."

Ìyá wa á máa rẹ́rìn-ín lórí àga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ yà mí kí ọrùn mi tó gan. Ẹni tó bá bá mi yọ ìhunjọ ojú mi kúrò ni n ó sọ pé ó mọ̀ ọ́n yà."

Bí a ṣe wà nìyẹn. N kò mọ ohun tí a ṣe tó burú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi ní kí èmi, Màmá àti ìyàwó òun jókòó, òun fẹ́ yà wá pọ̀. Màmá wà láàárín, lórí àga rẹ̀. Èjìká rẹ̀ kan tèmi. Mo ń gbóòórùn ìpara tó fi pa ọwọ́. Ẹ̀gbọ́n mi yí kámẹ́rà rẹ̀ sí orí obìnrin. Bó bá ti wà níbẹ̀, àpótí yẹ́lò kékeré kan máa ń hàn lẹ́yìn kámẹ́rà, á lọ yí ojú ẹnikẹ́ni tó bá rí ká.

Ó wo ẹ̀yìn kámẹ́rà. Ó dúró.

"Màmá, ẹ gbójú sókè díẹ̀."

"Mo gbé e sókè."

"Ẹ wò mí."

"Ta ni mo tún ń wò?"

"Àpótí méjì ló gbé wá," ó ní. "Ẹ̀yin mẹ́ta lẹ jókòó."

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ lọ," ni mo wí. Ẹ̀fẹ̀ ni mo ń ṣe.

Ó tẹ̀ ẹ́. Ó wò ó. Mo dìde lọ bá a.

Mo wà nínú fọ́tò náà. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀. Àga kan wà láàárín wa. Kò sẹ́ni lórí rẹ̀. Tìmùtìmù rẹ̀ wú dáadáa, kò tẹ̀ wọnú níbì kankan. Èmi sì fara ti ẹ̀gbẹ́ kan, bí ẹni tó fara ti ènìyàn. Òfìfo ni mo fara tì.

"Ọwọ́ yín ló mì," ni ìyàwó wí fún ọkọ rẹ̀.

Ọwọ́ rẹ̀ kò mì. Ìlà ara ògiri tó wà lẹ́yìn wa mú ketekete. Ó yí i sí òkè, ó tún yà wá. Ó yí i sí òdòdó. Ó yí i sí ẹni tó ń sáré. Àga. Àga. Àga.

"Kí ló dé?" Màmá bèèrè. "Ṣé mo ti burẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ ni?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Mo gbé kámẹ́rà mi. Mo wo ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé, mo fi ọwọ́ ara mi tò ó bí mo ṣe máa ń tò ó. Mo yà á. Màmá jáde. Eyín rẹ̀ tó ti ká hàn, ojú kan là, ìkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ padé. Ìyá mi gan-an ni.

"Ẹ ò rí i?" mo ní. "Ẹ̀rọ yín ló ya dìndìnrìn."

Gbogbo wa mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo ṣe ohun tí ǹ bá má ti ṣe. Mo yí kámẹ́rà tèmi sí orí obìnrin, lójú ẹ̀gbọ́n mi, kí n lè fi hàn án pé tirẹ̀ nìkan ló bàjẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́.

Àga.

Mo dá a padà sí M. Màmá. Orí obìnrin. Àga. M. Màmá. Bí ìgbà tí ènìyàn bá ń tan iná tó sì ń pa á. Ìyá mi kò sì kúrò lórí ìjókòó rẹ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn, ó ń ká òwú kan tó yọ létí aṣọ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé tirẹ̀ lọ fún atúnkámẹ́rà-ṣe. Ọkùnrin náà yí i sí orí obìnrin, ó ya ara rẹ̀, ó ya ẹ̀gbọ́n mi, ó ya oníbàárà kan tó ń bínú lẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo wọn jáde. Ó ní kò sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ náà.

Látìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń fi ojú mìíràn wo ìyá wa. Ó máa ń wò ó fìrí, á tún wo ibòmíràn. Mo rí i. Ìyá wa náà rí i.

"Ẹ̀rọ kì í purọ́," ó sọ fún mi ní kíṣìnnì. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Ohun tó bá rí ló ń mú wá. Ìwọ lò ń fi ọwọ́ yí i kó lè rí ohun tí o fẹ́ kó rí."

"Ó kàn ń méfò ni, Bọ̀dá. Ẹnì kan tí kò mọ pálọ̀ yín, tí kò mọ ìyá yín, ló jókòó sí ilé iṣẹ́ kan tó pinnu pé báyìí ni ènìyàn ṣe ń rí. Tí Màmá kò bá rí bẹ́ẹ̀ ńkọ́?"

"Kí ló wá dé tí ìwọ àti èmi fi rí bẹ́ẹ̀?"

Mo ti ń wá èsì ọ̀rọ̀ yẹn. Títí di òní n kò rí i.

"Èmi ni ẹ ń jà lé lórí, àbí ẹ̀rọ?" Ohùn Màmá wá láti pálọ̀. Kò pariwo. A kò mọ̀ pé ó ń gbọ́ wa.

Nígbà tí mo tún padà lọ, mo to kámẹ́rà mi bí mo ṣe tò ó tẹ́lẹ̀. Fèrèsé kan náà, oòrùn kan náà, àga kan náà. Mo ya Màmá. Ògiri jáde dáadáa. Tábìlì jáde dáadáa. Màmá dúdú. Kì í ṣe àwọ̀ ara rẹ̀ ni mò ń wí. Bí ẹni tó jókòó sínú yàrá mìíràn, tí iná kò sí níbẹ̀, ni ó rí. Mo la ojú lẹ́ǹsì síi. Ó mọ́lẹ̀ díẹ̀, mo rí ojú rẹ̀.

Ní ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo là á dé ibi tó lè là dé. Kò tó. Mo ní láti jẹ́ kó pẹ́ kó tó padé. Nígbà tí Màmá fi jáde, ògiri ti funfun jù, òdòdó orí tábìlì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Ẹni tó bá mọ kámẹ́rà á mọ ohun tí mò ń sọ. Ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ́ sára àga kọ́ ló dín kù. Ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ́ sára ìyá mi ló dín kù, òun nìkan, láàárín pálọ̀ tí oòrùn kún.

"Ṣé mo ṣì wà níbẹ̀?" ó bi mí, bí mo ṣe ń wo ẹ̀yìn kámẹ́rà.

"Ẹ wà níbẹ̀, Màmá."

"Àbígbẹ̀yìn mi, má tàn mí."

"Ẹ wà níbẹ̀."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó gbóná. Ó le díẹ̀ ní àtẹ́lẹwọ́, bó ṣe máa ń le. Ó ní ó rẹ òun láti máa jókòó jẹ́ẹ́. Ó ní òun kò mọ̀ pé jíjókòó lè jẹ́ iṣẹ́ agbára. Ó ṣe mí bí ẹni pé kí n sunkún, ṣùgbọ́n kí ni ẹkún fẹ́ yí padà? Mo nu gíláàsì lẹ́ǹsì mi.

Nígbà náà ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi gbé oúnjẹ wá. Ó gbé ti ọkọ rẹ̀ kalẹ̀, ó gbé tèmi, ó gbé tirẹ̀. Ó fa ẹsẹ̀ gba iwájú Màmá kọjá, aṣọ rẹ̀ gbá Màmá lórúnkún, kò wẹ̀yìn. Ó jókòó. Ó gbé ṣíbí.

"Ìyàwó," mo ní, "oúnjẹ Màmá ńkọ́?"

Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Ó yíjú sí àga. Ó pẹ́ kí ojú rẹ̀ tó dúró lójú kan.

"Há," ó ní. "Àǹtí mi, mo gbàgbé."

Ọmọ dáadáa ni. Òun ló máa ń bá Màmá gé èékánná. Ẹ̀rù bà mí ju bí ì bá ṣe bà mí ká ní ó hùwà ìkà.

Mo gbójú sókè. Fọ́tò kan wà lára ògiri tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ tóbi, wọ́n fi férémù yí i ká. Èmi, ìyàwó, àti àga láàárín wa.

"Bọ̀dá, kí lẹ gbé kọ́ yẹn?"

"Fọ́tò ẹbí."

"Màmá ò sí níbẹ̀."

"Fọ́tò yẹn ló jáde dáadáa jù." Ó ń jẹun lọ. Kò gbójú sókè.

"Ẹ bá mi yọ ọ́."

"Ilé mi ni."

Màmá ń wo fọ́tò náà. Ó na ọwọ́, ó fọwọ́ kan ibi àga tó jókòó sí, bí ẹni tó ń wá nǹkan lórí ibùsùn.

Wọ́n á ní kí ló dé tí n kò gbé ìyá mi lọ sílé mi. Yàrá kan ni mo ní, òkè kẹrin ilé ni, Màmá kò sì lè gun àtẹ̀gùn. Mo ti dá a lábàá. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ta lo fẹ́ gbé?" Mo rò pé ìbínú ló fi sọ ọ́.

Ọjọ́ tó kẹ́yìn nìyí. Ẹ̀gbọ́n mi lọ síbi iṣẹ́, ìyàwó wà lẹ́yìnkùlé. Mo fa kọ́tìnì sí apá kan pátápátá. Oòrùn ọ̀sán wọlé, ó bo ilẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì. Mo gbé kámẹ́rà lé igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀, kí ó má baà mì. Mo tò ó kí ojú rẹ̀ ṣí, kó sì wà ní ṣíṣí títí èmi yóò fi ní kó padé.

"Màmá, ẹ wò mí. Ẹ má mira."

"Mò ń wò ọ́."

Mo tẹ̀ ẹ́. Ojú kámẹ́rà ṣí. Ó dún kẹ́ẹ́.

Fáànù ń yí, mo sì ń gbọ́ omi tó ń kán nínú agbada ìfọwọ́. Lẹ́yìn náà n kò gbọ́ omi mọ́. N kò gbọ́ fáànù, bẹ́ẹ̀ ó ń yí lójú mi. Màmá ń wò mí. Ojú rẹ̀ kò kúrò lójú mi rárá. Mo lè búra. Ó ń mí díẹ̀díẹ̀. Mo ń fẹ́ kó tó. Mo ń sọ ọ́ nínú mi pé díẹ̀ síi, díẹ̀ síi, bí mo ṣe máa ń sọ fún ẹsẹ̀ mi bí iṣẹ́ bá fẹ́ parí.

Mo tì í. Kẹ́ẹ́. Omi tún ń kán.

Mo wo ẹ̀yìn kámẹ́rà. Funfun. Fèrèsé ti lọ, ògiri ti lọ, tábìlì ti lọ, gbogbo rẹ̀ funfun bí aṣọ ibùsùn tí mo ń lọ̀. Láàárín funfun yẹn, Màmá. Ó ṣókùnkùn, ṣùgbọ́n òun ni, lórí ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè mọ̀ mọ́ pé àga ni.

Kò wò mí. Nínú fọ́tò náà, ó ti yí ọrùn sí apá kíṣìnnì. Ẹnu rẹ̀ là díẹ̀. Bí ènìyàn ṣe máa ń yíjú bí wọ́n bá pè é, tó fẹ́ dáhùn.

Kò sẹ́ni ní kíṣìnnì. Mo lọ wò.

Nígbà tí mo yí padà, ẹ̀gbọ́n mi ti dúró lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀ pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ rẹ̀. N kò gbọ́ ìgbà tó wọlé. Ó ti wo ẹ̀yìn kámẹ́rà mi. Ètè rẹ̀ ti gbẹ.

"Pa á rẹ́," ó ní.

"Mi ò ní pa á rẹ́."

"Ìwọ lò ń fa Màmá sẹ́yìn. Ọ̀sẹ̀ dé, ọ̀sẹ̀ lọ, ò ń fà wọ́n. Jẹ́ kí wọ́n sinmi."

"Kí ta ló sinmi? Màmá ló jókòó yìí!"

Mo nawọ́ sí i. Ó jókòó lóòótọ́, ó ń wo àwa méjèèjì bí ẹni tó ń wo àwọn ọmọ tó ń jà. Ẹ̀gbọ́n mi fi ojú tẹ̀ lé ọwọ́ mi. Ojú rẹ̀ gba orí àga náà kọjá láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ń wò bóyá eruku wà. Kò dúró níbì kankan.

Ó gbé kámẹ́rà mi lé mi lọ́wọ́. Ó dì mí léjìká mú, kò fi agbára dì mí, ó sìn mí dé ìta. Ó ti ilẹ̀kùn. Láti inú ilé ló ti wá sọ ọ́, pé n kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀ mọ́, pé n kò gbọdọ̀ fojú kan Màmá mọ́.

Kò sí òkú o. Kò sẹ́ni tó sunkún, kò sẹ́ni tó gbẹ́ ilẹ̀. Mo bi dókítà tó máa ń wo Màmá, ó ní wọn kò pe òun. Mo bi òṣìṣẹ́ báńkì tó ń gbé ní iwájú ilé wọn bóyá ó rí ìyá wa lójú fèrèsé. Ó ní òun rí i. Ó tún ní, "Àbí kọ́tìnì ni?" Ó ronú, ó ní òun kò mọ̀.

Mo padà lọ síbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi mi tó kọjá. Mo kanlẹ̀kùn títí ọwọ́ mi fi pọ́n. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi. Ó dúró sí òdìkejì ilẹ̀kùn.

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ sílé."

"Ṣé Màmá ti jẹun?"

Mo gbọ́ tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́, kò yí i.

"Ìyàwó. Ṣé wọ́n ti jẹun?"

"Ẹ má bi mí bẹ́ẹ̀ mọ́, Àǹtí. Ó ń bà mí lẹ́rù."

Nígbà náà ni mo gbọ́ ọ. Láti inú pálọ̀, lẹ́yìn rẹ̀. Ohùn ìyá mi ni. Kò jìnnà. Kò yàtọ̀.

"Ta ló wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn?"

Mo dúró kí wọ́n dá a lóhùn. Ìyàwó wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀, mo ń gbọ́ bó ṣe ń fi òòlù lu irin. Òòlù náà kò dúró. Kò sẹ́ni tó dáhùn.

"Èmi ni, Màmá!" mo kígbe. "Èmi ni!"

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ló wà níbẹ̀? Ẹ bá mi tan iná. Ibí ti ṣú."

Oòrùn wà ní àárín orí mi. Ó ń jó mi lórí.

Mo ti sọ ọ́ bó ṣe rí. N kò fi iyọ̀ sí i. Ó ti rẹ̀ mí, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa kí mi kú ọ̀rọ̀ ènìyàn. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń bá wí. Ẹ gbé ẹ̀rọ yín sílẹ̀, kì í ṣe òun ni mo bi. Ẹ wà nínú ilé yẹn nígbà tí ìyá wa bèèrè ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ṣé ẹ gbọ́ ọ tí ẹ panu mọ́, àbí ẹ kò gbọ́ ọ mọ́ rárá? Ẹ dá mi lóhùn.